Félicien àti Ẹ̀kọ́ Ítálì Àwọn Mọlémọlé

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1934 ni mo kọ́kọ́ rí Félicien. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sakété dé Lomé ni, àwọn Fadá sì gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ wọn láti máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Òjò ṣú, mo fẹ́ ti fèrèsé kíláàsì mi, ni ojú mi bá lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró níbẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé funfun tí a lọ̀ dáadáa. Àwọn mọlémọlé jókòó yí i ká, sìmẹ́ntì ti gbẹ mọ́ wọn lára láti irun orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ti fi igi la iyanrìn sí ọ̀nà mẹ́ta, irinṣẹ́ wọn ni ó sì ń tò síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó gbé korobá sókè. "Il secchio," ó wí, ó sì gbé e sí ọ̀nà kìíní. Ó mú pákó. "La tavola." Ìyẹn bọ́ sí ọ̀nà kejì. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka méjì gbé àkísà kan tó dọ̀tí. "Lo straccio." Ọ̀nà kẹta ni ó jù ú sí.

Àgbàlagbà kan láàárín wọn, tó dé fìlà Mùsùlùmí, na ọwọ́ sókè. Bàbá Ràímì ni, olórí àwọn mọlémọlé náà.

"Mùsé," ó wí, nítorí bí wọ́n ti ń pe olùkọ́ nìyẹn, "ẹ ní korobá jẹ́ akọ, pákó jẹ́ abo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú ni ẹ óò fi mọ̀ wọ́n. *Il* àti *lo* ń ṣáájú akọ, *la* ń ṣáájú abo."

"Ta ló yẹ abẹ́ wọn wò?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Félicien náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará Ítálì ni, Bàbá. Àwọn ló ni èdè wọn."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n bí korobá bá jẹ́ ọkùnrin bíi tèmi, ẹ sọ fún un kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí omi. Ó ti sú mi láti máa gbé e sórí."

Òjò ló tú wọn ká. Félicien sá wọ kíláàsì mi, ó ń gbọn omi kúrò lára ìwé kan tí ikán ti jẹ èèpo rẹ̀ tán. Mo kí i, mo sì bi í ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Lomé tí a ti ń sọ Faransé ní ọ́fíìsì, tí a ń sọ Mina lọ́jà, tí a ń sọ Yorùbá nínú ilé wa, kí ni èèyàn fẹ́ fi èdè Ítálì ṣe?

"Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ Àṣírù," ó dá mi lóhùn. "Ẹ óò mọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe."

Mo lọ. Ì bá sàn kí n má lọ. Àṣírù jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin mọlémọlé tó ń gbé ní ilé tó tẹ̀lé ti Félicien. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti wú, ó ti dúdú, eṣinṣin sì bo aṣọ tí wọ́n fi wé e. Òórùn rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Òyìnbó ará Ítálì kan ló gba iṣẹ́ ilé ìkẹ́rù-sí nítòsí etíkun, àwọn ará ilẹ̀ wa láti Sakété àti Pobè ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Òyìnbó náà kò gbọ́ Faransé kọjá ohun tó tó èèyàn bú. Lọ́jọ́ kan, igi òrùlé kan ń yọ̀ bọ̀ láti òkè, ó sì kígbe pé, "Attento!" Ó ń sọ pé kí wọ́n ṣọ́ra. Àṣírù yíjú sí i láti bi í ní ohun tó wí, igi náà sì já lé e lẹ́sẹ̀. Òyìnbó náà kò bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n tètè da iyanrìn sórí ẹ̀jẹ̀, kí ó má baà ba ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ jẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Félicien ti ń kọ́ wọn.

Ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Togo ni, láti agbègbè Atakpamé. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, Búrọ́dà kan láti Ítálì, ìyẹn ẹni tó fi ara rẹ̀ fún Ìjọ láìjẹ́ Fadá, ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà fún àwọn Fadá, Félicien ni ó sì máa ń bá a di pákó mú. Lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ni ó ti gbọ́ èdè náà. Búrọ́dà fún un ní ìwé gírámà kí ó tó kú. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀, moníta ni, ìyẹn olùkọ́ tí wọn kò tíì fi ọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Lópin ọdún náà ni wọn yóò fún un ní ìwé tí yóò sọ ọ́ di olùkọ́ títí ayé, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Fadá àgbà ti sọ ọ́ fún gbogbo àwọn moníta pé ẹni tí òyìnbó kankan bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí ó má retí ìwé. Félicien kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju ìwé yìí lọ. Kò mọ òwò ṣe, kò sì ní oko. Bí ẹ bá rí i níwájú ọmọ iléèwé, bí ó ti ń ka ọ̀rọ̀ sórí pátákó tí gbogbo wọn ń wò ó lẹ́nu, ẹ óò mọ̀ pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run dá a sí.

Ó tọ́ kí n sọ irú èèyàn tí òyìnbó náà jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rí mi lára láti kọ ọ́. Bragato ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tutọ́síbẹ̀ ni àwọn mọlémọlé ń pè é. Tábà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń tu itọ́ rẹ̀ pupa sórí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn, sínú korobá omi tí wọ́n ń mu, sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan epo, ẹ̀wù ẹni tó bá wà nítòsí ni ó fi ń nù ún. Mo ti rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, tó sì na ọwọ́ kan náà sí abọ́ ẹ̀bà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe pé ebi ń pa á, ó kàn fẹ́ kí wọ́n má lè jẹ ẹ́ mọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n da oúnjẹ náà nù fún ajá.

Ẹ̀kọ́ ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Láti orúkọ nǹkan, Félicien mú wọn dé ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn sọ ohun tí òun jẹ́: *io sono*, èmi ni, *tu sei*, ìwọ ni, *noi siamo*, àwa ni.

"Ìwọ kẹ̀?" Bàbá Ràímì wí. "Èwo ni a óò fi bá àgbà sọ̀rọ̀?"

"*Voi* ni, Bàbá. *Voi siete*. Bí ẹni pé a ní 'ẹ̀yin' ni."

"Áà! Wọ́n mà ní ọ̀wọ̀ lédè wọn! Kí ló wá dí èyí tó wà lẹ́nu Tutọ́síbẹ̀ lọ́nà?"

"Tábà ni," Àṣírù dáhùn láti orí igi tó fi ń tilẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ àpèjúwe, Félicien kọ́ wọn bí ìparí ọ̀rọ̀ náà ti ń bá ohun tí a ń ṣàpèjúwe rìn. Ọkùnrin tí ó rẹ̀, *stanco*. Obìnrin tí ó rẹ̀, *stanca*. Bí wọ́n bá pọ̀, *stanchi*. Gbogbo wọn ń pariwo pọ̀ pé, "Noi siamo stanchi!", ó ti rẹ̀ wá, nígbà tí Bragato yọ lẹ́yìn igi máńgòrò. Kọmí rẹ̀, ìyẹn akọ̀wé rẹ̀, Théophile, tẹ̀lé e. Ọmọ Atakpamé ni Théophile, òun àti Félicien jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́.

Bragato wo iyanrìn tí a là, ó wo irinṣẹ́ tí a tò, ó sì tutọ́ sí àárín wọn. Ó sọ̀rọ̀ ní Ítálì, ó gùn díẹ̀. Mo wà lójú fèrèsé, Félicien ni ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní ta ló kọ́ wọn pé kó rẹ̀ wọ́n. Ó ní kí Félicien kọ́ wọn ní wá, lọ, gbé e, yára, pa ẹnu mọ́. Kí ó sì kọ́ wọn ní dọ̀tí àti ọ̀lẹ, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí òun bá ń pè wọ́n. Èyí tó kù kò wúlò fún ẹranko.

Félicien tẹ orí ba díẹ̀. Ó fèsì jẹ́jẹ́, ó ní ní ilẹ̀ àwọn, ìkíni ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a kì í fi èébú bẹ̀rẹ̀ èdè.

Bragato ti lọ tán kí Théophile tó fa Félicien lápá. "Kí ló ń ṣe ọ́? Kọ́ wọn ní ohun tí yovó fẹ́! Ìwé rẹ ńkọ́?" Yovó ni àwọn ará Lomé ń pe òyìnbó.

"Théophile, ìwọ náà ti ka gírámà. Ṣé èdè tó jẹ́ àṣẹ nìkan, èdè ni?"

"Èdè tó ń fún èmi lóúnjẹ ni."

"Mo rí i," Félicien wí. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn bo itọ́ náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ìròyìn dé láti Ítálì pé ìyá Bragato ti kú. Théophile ló sọ ọ́ fún àwọn mọlémọlé. Ó ní ọ̀gá ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti àná, kò jẹun.

Gbogbo ẹ̀gàn tí wọ́n ní sí ọkùnrin náà rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá Ràímì ní, "Ẹni tó bá ti pàdánù ìyá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwà. Èèyàn kì í wà ní òun nìkan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀." Wọ́n wá bá Félicien pé kí ó fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn yóò sọ. Ó wá èyí tó rọrùn, tó wà nínú ohun tí wọ́n ti kọ́: "Noi siamo qui con voi." A wà níbí pẹ̀lú yín. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi dán lẹ́nu wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń kírun Jímọ̀, wọ́n lọ sí àgbàlá Bragato, wọ́n sì jókòó sílẹ̀. Ẹni kankan kò fọwọ́ kan irinṣẹ́. Nílùú wa, èèyàn kì í máa kan ìṣó mọ́gi létí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Jíjókòó tì í gan-an ni ìbánikẹ́dùn. Bí ẹni náà kò bá sọ̀rọ̀, ìwọ náà kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n yóò máa gbọ́ pé èèyàn ń mí nítòsí òun. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó ronú pé òyìnbó lè ka nǹkan mìíràn sí i. Félicien alára sọ pé bí a bá ti tú àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́sàn-án, òun yóò lọ bá wọn jókòó, ó sì ní kí n ká lọ.

Oòrùn wà lágbede méjì ọ̀run nígbà tí a dé ibẹ̀. Wọ́n jókòó ní ìlà, aṣọ funfun wọn ń dán, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Théophile dúró sábẹ́ òjìji ògiri, kò wo ojú wa. Ilẹ̀kùn ṣí. Bragato jáde pẹ̀lú ẹ̀wù tó ti wọ̀ sùn, irùngbọ̀n rẹ̀ rí játijàti. Ó bi wọ́n léèrè ohun kan.

Bàbá Ràímì dìde, ó ṣí fìlà, ó sì tẹrí ba. "Noi siamo qui con voi," ó wí. Ó sọ ọ́ dáadáa, bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

Bragato padà wọlé. A rò pé omijé ló ń bọ̀ tí kò fẹ́ kí a rí. Nígbà tó jáde, póò rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́, ìyẹn ike tó ti ń tọ̀, tó ń yàgbẹ́ sí láti ìgbà tó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó da gbogbo rẹ̀ lé Bàbá Ràímì lórí.

N kò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń kán láti irùngbọ̀n àgbàlagbà náà sórí aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti dìde, Bàbá Ràímì sì na ọwọ́ sí wọn láìlanu, nítorí kò lè lanu. Wọ́n jókòó padà.

Félicien rìn bọ́ síwájú. Ó sọ ọ́ ní Ítálì, kedere, pé nítorí ìyá rẹ̀ ni wọ́n ṣe wá. Pé bí àwọn èèyàn yìí ti ń ṣe fún ìyá ara wọn náà nìyí. Bragato gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ó dáhùn pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu ẹranko dárúkọ ìyá òun, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó rán Théophile lọ sí ọ́fíìsì kòmándà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso ìlú, pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ti da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ti gba àgbàlá òun.

Ọdún tó ṣáájú ni ìlú dàrú nítorí owó orí. Bí èèyàn díẹ̀ bá jókòó pa pọ̀ nígbà náà, ẹ̀rù a ba àwọn aláṣẹ. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn gáàdì ti kó gbogbo àwọn mọlémọlé náà, Bàbá Ràímì pẹ̀lú òórùn náà lára rẹ̀, nítorí wọn kò jẹ́ kí ó wẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pe Félicien. Mo bá a dé ọ̀ọ̀dẹ̀ ọ́fíìsì. Fadá àgbà ti wà níbẹ̀, Théophile náà wà níbẹ̀ nínú kọ́ọ̀tù tuntun. Ó fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ti bá ọ tún un ṣe," ó ní. "Wí pé orúkọ irinṣẹ́ nìkan ni o kọ́ wọn. O kò mọ ohun tí wọ́n lọ ṣe níbẹ̀. Ó parí. Kòmándà kò wá ọ."

"Àwọn ńkọ́?"

"Oṣù díẹ̀ lẹ́wọ̀n. Wọ́n á fi gbálẹ̀ ojú ọ̀nà. Ṣé mọlémọlé ń kú nítorí iṣẹ́ ni?"

"Théophile, ìwọ lo sọ fún wọn pé ìyá rẹ̀ kú. Ìwọ lo mọ̀ jù nínú wa."

"Ta ló bi mí?" Théophile wí, ó ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Bí wọ́n bá bi mí, èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé rẹ. Má ṣe bí ọmọdé."

Fadá àgbà fi ọwọ́ kan èjìká Félicien. Ó ní ìmọ̀ràn ọlọgbọ́n ni Théophile fún un. Fadá ni ó sọ ọ́, pẹ̀lú àgbélébùú lọ́rùn. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ náà, n kò mọ̀ bóyá póò yẹn ló rí mi lára jù.

Félicien àti Fadá àgbà wọlé lọ bá kòmándà àti Bragato. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wà ní ṣíṣí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kòmándà bi í bóyá ó mọ̀ nípa ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà. Félicien ní kò sí ìdáṣẹ́sílẹ̀ kankan. Ó ní àwọn èèyàn náà lọ bá ọ̀gá wọn kẹ́dùn. Òun ló kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Òun náà lọ láti jókòó pẹ̀lú wọn. Òun sì ti sọ ọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Bragato ní èdè rẹ̀ kí ó tó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ó sì ròyìn póò.

Kòmándà yíjú sí Bragato. "Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Bragato gbé èjìká, ó sì fi ìwọ̀nba Faransé tó gbọ́ dáhùn. "Ó sọ ọ́. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Wọn kò ṣiṣẹ́." Kò sí ibi tó lè tutọ́ sí nínú ọ́fíìsì, ó sì gbé e mì.

Kòmándà pàṣẹ pé kí wọ́n tú àwọn mọlémọlé sílẹ̀, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi Félicien ní ẹni tó fún un láṣẹ láti máa kó èèyàn jọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa kọ́ wọn ní èdè ilẹ̀ òkèèrè. Félicien wo Fadá àgbà. Fadá àgbà, tó máa ń gba abẹ́ igi máńgòrò náà kọjá tó sì ń kí wọn, wo ilẹ̀.

Bàbá Ràímì kò padà sí ọ̀dọ̀ Bragato. Kí ó tó gba Sakété lọ, ó wá dágbére fún Félicien. Mo wà níbẹ̀.

"Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ aṣọ náà, mo fi ẹfun fọ̀ ọ́," ó ní. "Ó ṣì ń rùn sí mi. Ìyàwó mi ní kò rùn mọ́. Ó ní orí mi ló ń rùn."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo fún yín ní ọ̀rọ̀ náà."

"Ọ̀rọ̀ náà dára. N kò kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, Mùsé. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lédè wọn pé nǹkan kan rí èèyàn lára?"

Félicien ronú díẹ̀. "Mi fa schifo."

Bàbá Ràímì sọ ọ́. Ó tún un sọ, ó ń tọ́ ọ wò. "Ó dáa," ó wí. "Ó jáde dáadáa." Ó bọ Félicien lọ́wọ́, ó sì lọ.

Lópin ọdún, wọ́n pe orúkọ àwọn moníta tó gba ìwé. Wọn kò pe Félicien. Fadá àgbà sọ fún un pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní kíláàsì kí ẹlòmíràn lè wọ ibẹ̀. Ó pa pátákó rẹ́ kó tó jáde, ó sì to ẹfun ìkọ̀wé sínú páálí wọn. Théophile gba ìgbéga lọ́dún kan náà, Bragato kọ́ ilé ìkẹ́rù-sí náà tán, wọ́n sì yìn ín.

Félicien kò kọ́ni mọ́ láyé rẹ̀. Ó ń gbé ní Agoè-Nyivé lẹ́bàá Lomé báyìí, ní ilé Élise ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì ń sin adìyẹ.